Adájọ́ Ọládàpọ̀ àti Ètò Kẹtàdínlógójì

Fún ọdún mọ́kànlá gbáko, bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ ní Ìyànà Ìbà tí ó sì béèrè ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà jù lọ ní agbègbè náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni yóò rí gbà: "Ẹ lọ bá Ọ̀gá Dàpọ̀ ní Òkòkòmáìkò." Ọládàpọ̀ ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọmọ bíbí Ìbà, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Bàbá rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ nígbà tí Ìbà ṣì jẹ́ oko. Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ náà ti di ilé ayálégbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọládàpọ̀ kò rí yunifásítì lọ. Ọdún mẹ́fà ni ó fi kọ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n ní Ọjà Àlàbá lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó jẹ́ Ígbò, kí ó tó yí sí kọ̀ǹpútà. Ìwé tí ó fi kọ́ ara rẹ̀ bí a ti ń kọ ètò, àlòkù ni ó rà á: ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ojú ewé mọ́kànlá àkọ́kọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ó máa ń fi èyí yangàn pé, "Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ láti orí kìíní. Orí kejì ni èmi ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹgbẹ́ kan wà lórí wọ́sáàpù tí àwọn oníkọ̀ǹpútà Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò jọ wà, wọ́n jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé méjìlá. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn atúnṣe, àwọn olùtà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́, àti àwọn tí kò ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n máa kà. Ọládàpọ̀ ni alábòójútó rẹ̀. Àṣà kan sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn: bí àríyànjiyàn bá gùn, wọn a pe Ọládàpọ̀, òun a sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin: "Mo lù ú lóńtẹ̀." Bí ó bá ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tí ó bá tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òńtẹ̀, aláìmọ̀wàáhù ni. Kò sí owó oṣù nínú ipò yìí, kò sì sí àga. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní kí Ọládàpọ̀ fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ó fi òńtẹ̀ náà sílẹ̀, ìsọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ronú láti fi sílẹ̀.

Ṣàkírù ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Oníṣòwò fóònù ni ní Àlàbá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, láptọ́ọ̀pù oníbàárà mi ti ń yí òbìrìkìtì láti àárọ̀. Ṣé ó ń ronú ni àbí ó ti kú? Ṣé kò sí ètò tí a lè fi ṣọ́ ètò, tí yóò máa sọ fún wa pé eléyìí yóò parí, tọ̀hún ò ní parí láé?"

Ìbéèrè náà kò kéré. Ètò kọ̀ǹpútà kan lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ó dúró. Òmíràn lè máa yípo, yípo, títí ayé, bí ẹni tí a ní kí ó máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, tí a kò sọ ibi tí yóò ti dákẹ́. Ẹni tí ó wà níta kò mọ èyí tí ó ń falẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní í parí. Ọládàpọ̀ dáhùn pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣeé kọ. Oṣù méje ni ó fi kọ ọ́, ó sì sọ ọ́ ní Adájọ́. Bí a bá gbé ètò kan síwájú Adájọ́, yóò kọ́kọ́ yẹ ìlànà inú rẹ̀ wò. Bí ó bá mọ ìrísí rẹ̀, yóò dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, yóò tan ètò náà, yóò sì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí mẹ́rin. Èyí tí kò bá tíì dúró nígbà náà, ìdájọ́ rẹ̀ ni pé kò ní í dúró láé. Ọládàpọ̀ kó ọgọ́ta ètò jọ láti ọwọ́ àwọn oníbàárà: èyí tí ń ṣírò owó iná, èyí tí ń to orúkọ, èyí tí ń wá nọ́ńbà, èyí tí ń ṣètò àkókò ìdánwò fún ilé-ìwé. Adájọ́ dá gbogbo ọgọ́ta náà lẹ́jọ́. Ọládàpọ̀ tẹ àkójọ náà àti àwọn ètò fúnra wọn sí ẹgbẹ́ láti ìkíní dé ìkọgọ́ta, ó sì lù ú lóńtẹ̀ fúnra rẹ̀. Ènìyàn mọ́kàndínlógún fi àmì ọkàn pupa sí i. Ó kà wọ́n.

Ní ọjọ́ kejì ni Hameedat dáhùn.

Ọmọ iṣẹ́ Ọládàpọ̀ ni Hameedat. Àwọn òbí rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá ṣòwò ní Ìyànà Ìbà, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí wọ́n mú un wá sí ìsọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ó fi kọ́ṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ó gba fírídọ̀mù, Ọládàpọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà pé kí ó tẹ̀ síwájú ju òun lọ. Irú àdúrà bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀gá ní í gbà á. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ kí ó ṣẹ ní kíkún kò pọ̀. Hameedat ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Àlàbá báyìí, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ohun tí ó kọ nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ká ní mo kọ ètò kan, mo sọ ọ́ ní Olóríkunkun. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fún un. Á gbé ara rẹ̀ síwájú Adájọ́, á bi í pé: ṣé màá dúró? Bí Adájọ́ bá ní yóò dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, kò ní í dúró mọ́. Bí Adájọ́ bá ní kò ní í dúró, á dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ni Adájọ́ fẹ́ sọ tí kò ní í di irọ́? Kì í ṣe èmi ni mo rí i o. Ó ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fi hàn pé kò sí adájọ́ tí ó lè dá gbogbo ètò lẹ́jọ́ láìṣàṣìṣe."

Ẹgbẹ́ náà gbaná. Ṣàkírù ni ó ṣíwájú.

"Yéè! Ọmọ ọ̀gá ti já kókó! Ọ̀gá Dàpọ̀, ẹ dákẹ́? Ṣé Adájọ́ yín náà ti ń yí òbìrìkìtì ni?"

Ọládàpọ̀ wà nílé nígbà náà, ní Ìbà. Moṣọpẹ́ ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà láti máa kà lásán, jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, fóònù ní ọwọ́ kan, aṣọ ní ọwọ́ kejì. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Baba Pẹ̀lúmi, ẹ ti ka ti Hameedat? Olóríkunkun yìí, oníbàárà mi ni! Ìyá tó wá lánàá. Mo ní, 'Mà, ọwọ́ gígùn lẹ máa fẹ́.' Ó ní rárá, ọwọ́ kúkúrú. Ká ní mo pè é ní kúkúrú, gígùn ni ì bá ní. Ó kàn ń dúró de ohun tí mo fẹ́ sọ ni."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ o. Ó yẹ kí inú yín dùn."

"Inú mi dùn."

"Ojú yín ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ojú mi kì í sọ̀rọ̀. Ẹnu mi ló ń sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i nínú. Àlàyé náà yé e, kíá ni ó yé e, èyí sì ni ìrora àkọ́kọ́. Ìrora kejì ni pé oṣù méje tirẹ̀ ti wó lábẹ́ ìlà mẹ́jọ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lórí fóònù, bóyá nígbà tí ó ń dúró de oníbàárà. Ìkẹta ni pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí aránṣọ fi lè rẹ́rìn-ín sí i; kò sí ohun kan tí Ọládàpọ̀ ti ṣàlàyé fún Moṣọpẹ́ láti ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, tí ó pa á lẹ́rìn-ín. Ìkẹrin kéré, ó sì tì í lójú: ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti fi ọkàn pupa sí ti Hameedat kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó fi òwe tu ara rẹ̀ nínú pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó ro òwe náà lọ, ó rò ó bọ̀, ó sì rí i pé àkísà ni òun dì mú nínú ìjiyàn náà.

Ó dáhùn ní àárọ̀: "Olóríkunkun kò sí lọ́jà Àlàbá. Kò sí oníbàárà tí yóò gbé e wá fún àtúnṣe. Ọgọ́ta ètò gidi ni mo dá lẹ́jọ́. Kí ọmọbìnrin náà mú ẹyọ kan ṣoṣo wá nínú ọgọ́ta tí Adájọ́ ṣì dá." Ó kọ "ọmọbìnrin náà", kò kọ Hameedat. Àwọn kan gbè é; wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìwé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo wọn ń retí èsì Hameedat. Kò fọhùn.

Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Ṣàkírù yí ahọ́n padà, bí ó ti máa ń ṣe. "Hameedat, ó dà? Olóríkunkun ti gbé ọ gun orí igi, ó ti yọ àkàbà!" Inú Ọládàpọ̀ ì bá dùn, ṣùgbọ́n owú ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́, kò mọ adùn ìṣẹ́gun mọ́. Nígbà tí orúkọ Hameedat bá yọ lójú fóònù rẹ̀, yóò dojú fóònù náà bolẹ̀. Ó fi orúkọ náà pa mọ́ sí ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ kò fi ní í máa dún sí i létí mọ́. Ó gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ọ̀jọ́ lọ bá a ní ìsọ̀ kí ó lè ṣàlàyé Olóríkunkun fún wọn. Ó gbọ́ pé wọ́n gbé bẹ́ǹṣì wá. Ó rí i tí ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹgbẹ́ pé, "Ọ̀gá Hameedat, ẹ ṣé." Ọ̀gá! Lójú òun, nínú ẹgbẹ́ òun! Ó fi ọwọ́ kan orúkọ rẹ̀ láti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, nítorí agbára alábòójútó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ọwọ́ kúrò. Kì í ṣe àánú ni ó ṣe é. Ó mọ̀ pé ẹni tí a bá lé nítorí ìbéèrè, àwọn ènìyàn yóò máa tẹ̀ lé e lọ gbọ́ ìdáhùn.

Ó wá pinnu láti parí ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ó kéde pé ní ọjọ́ Sátidé, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, òun yóò gbé fídíò sí ẹgbẹ́: ètò gidi kan tí ń yípo lójú ayé, àti ìdájọ́ Adájọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ọgọ́ta, ó mú ìkẹtàdínlógójì. Ètò yìí jẹ́ ti ilé-ìwé kan ní apá Ìjànikín: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa dán ètò àkókò ìdánwò wò lóríṣiríṣi, títí yóò fi rí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò ti ní í ní ìdánwò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Adájọ́ ti ní kò ní í dúró láé.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni ó tàn án, ó gbé fóònù ka iwájú rẹ̀ kí ó máa yà á. Àwọn oníbàárà wá, wọ́n lọ. Aago kan kọjá. Kò sí ẹnì kan tí ó pa iná.

Ohun tí ó yàtọ̀ lọ́sẹ̀ náà nìyí. Láti ọdún pípẹ́, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ni gbogbo ìsọ̀ ìlà náà jọ ń lò. Wọn a tàn án ní aago mẹ́sàn-án, wọn a pa á ní aago kan kí ó lè sinmi. Nígbà tí Ọládàpọ̀ ń kọ Adájọ́, tí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó pinnu iye wákàtí tí a ó fi ṣọ́ ètò, ọwọ́ rẹ̀ kọ mẹ́rin láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé lójú rẹ̀, wákàtí mẹ́rin ni iṣẹ́ kan ní láyé kí iná tó lọ. Lọ́sẹ̀ yìí ni onílé wá gbé sólà sórí òrùlé.

Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ojú láptọ́ọ̀pù yí padà. Ètò kẹtàdínlógójì dúró. Kò kú, kò sì gbóná. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí, ó tẹ́ èsì sílẹ̀: Ọjọ́ Ajé, Ìṣirò àti Yorùbá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ẹ̀kọ́ Ọ̀gbìn. Ọjọ́rú, Gẹ̀ẹ́sì àti Ẹ̀kọ́ Ilé. Ó tò wọ́n títí dé Ọjọ́ Ẹtì, kò sí ìforígbárí kankan.

Ọládàpọ̀ wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kan ní ìsọ̀.

Èrò àkọ́kọ́ tí ó wá sí i lọ́kàn ni Hameedat. Ó ṣí ibi tí ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́ sí, kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó bá níbẹ̀, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ètò kẹtàdínlógójì wò. Mo tàn án lórí bátìrì ní ìsọ̀ mi, ó dúró lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ ó mọ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹyọ kan tí òun ní kí ó mú wá, ó wà lọ́wọ́ Hameedat láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọmọ náà jẹ́ kí Ṣàkírù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó jẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Owú tí Ọládàpọ̀ ń jẹ nítorí ọgbọ́n rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Ó wá ń jowú ìwà rẹ̀ pẹ̀lú. Ta ni ó kọ́ ọ ní ìyẹn? Òun kò rántí pé òun kọ́ ọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó lè gé fídíò náà kí wákàtí mẹ́rin tó pé, kí ó gbé ohun tí ó kù sí ẹgbẹ́. Gbogbo ènìyàn yóò rí ètò tí ń yípo. Ó lè yọ ìkẹtàdínlógójì kúrò, kí ó sọ pé mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni òun ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò kà á? Ó sì lè sọ òtítọ́. Kò fi àkókò ṣòfò lórí ìkẹta. Ó gé fídíò. Ó gé e dáadáa, bí ẹni tí ó mọṣẹ́: wákàtí mẹ́ta tí a fún di ìṣẹ́jú méjì, kò sí ibi tí ó ti já. Nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ṣàkírù ti ń pè: "Ọ̀gá Dàpọ̀, a ti jókòó o! Ẹ mú Adájọ́ jáde!"

Àtàńpàkò rẹ̀ wà lórí ibi tí a ń tẹ̀ kí fídíò lọ. Ibẹ̀ ni ó ti rí ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Hameedat yóò wo fídíò náà. Yóò mọ̀. Yóò tún dákẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, nígbàkúùgbà tí òun bá lu nǹkan lóńtẹ̀, ìdákẹ́ ọmọ náà ni yóò gbé òńtẹ̀ náà dúró. Àánú rẹ̀ ni òun yóò máa fi ṣe ọ̀gá. Ọládàpọ̀ lè gba kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ju òun lọ, bí ó bá di dandan. Kí ó wá máa ṣoore fún òun? Rárá o.

Ó pa fídíò rẹ́. Ó kọ ọ́ báyìí: "Ètò kẹtàdínlógójì dúró lónìí, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Adájọ́ ṣì í dá. Wákàtí mẹ́rin tí mo fún un, wákàtí jẹnẹrétọ̀ ni, kì í ṣe ti ìmọ̀. Hameedat ti rí i láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì sọ fún mi níkọ̀kọ̀. Èmi ni mi ò kà á. Bí mo tilẹ̀ fún un ní ọdún kan, Olóríkunkun yóò ṣẹ́gun rẹ̀. Àlàyé Hameedat tọ̀nà. Mo lù ú lóńtẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni òjò ọkàn pupa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lábẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Wọ́n ń lọ wá àlàyé Hameedat láti òkè, wọ́n ń fi sí i níbẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n, ó ń kà. Ó ti ka àádóje nígbà tí fóònù dún. Ó jẹ́ kí ó dún títí ó fi kù díẹ̀ kí ó dákẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi, sà."

"Hameedat."

"Mo rí ohun tí ẹ kọ. Kò yẹ kí ẹ dárúkọ mi, sà."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ́kọ́ rí i ni?"

"Èmi ni, sà, ṣùgbọ́n..."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn? Mo ní kí o mú ẹyọ kan wá. O ní in lọ́wọ́. O jẹ́ kí Ṣàkírù máa fi ọ́ ṣeré."

"Ṣàkírù! Ta ní ń ka ti Ṣàkírù sí? Ọ̀gá mi, ẹ̀yin lẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ṣé n wá ṣí fìlà lórí yín láàárín ọjà ni?"

Ọládàpọ̀ wo ojú láptọ́ọ̀pù tí ó ti ṣú.

"Ẹni mélòó ló ti fi ọkàn sí i báyìí?"

"Sí èwo, sà?"

"Sí tìrẹ."

"Haa! Mi ò kà á, sà."

Ó gbà á gbọ́. Kò kà á lóòótọ́. Ó hàn nínú ohùn rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, sà. Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo mọ̀," ni Ọládàpọ̀ wí. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn."

Hameedat bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tí ó dá ariwo Àlàbá tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ó rò pé ọ̀gá òun ń dápàárá ni. Ọládàpọ̀ gbé fóònù jìnnà sí etí díẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.